Kíláàsì A, Kíláàsì F: Ṣé Pípín Ọmọ Gẹ́gẹ́ Bí Máàkì Ń Ṣiṣẹ́?

Ní àwọn sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba kan, lẹ́tà tó wà lẹ́yìn orúkọ kíláàsì kì í ṣe lẹ́tà lásán. JSS2A àti JSS2F lè wà nínú ọgbà kan náà, kí àwọn ọmọ ibẹ̀ máa wọ yunifọ́ọ̀mù kan náà, kí wọ́n máa ra ẹ̀wà lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ kan náà, síbẹ̀ gbogbo ilé-ìwé ló mọ̀ pé A ni wọ́n kó àwọn orí pípé sí, F ni wọ́n kó àwọn "olódo" sí. Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ sára ògiri. Ẹ kàn wo bí tíṣà ṣe ń yára lọ sí A tí agogo bá dún, kí ẹ tún wo bó ṣe ń wọ́sẹ̀ lọ sí F.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, olódo, ẹ tú u wò: ẹni tó ni òdo. Máàkì ìdánwò kan ni, àmọ́ a ti sọ ọ́ di orúkọ èèyàn.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé, ṣé pípín ọmọ báyìí ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́? Ẹni tó fara mọ́ ọn á ní ìka ò dọ́gba. Á ní tí tíṣà kan bá dúró níwájú ọmọ 80, tí àwọn kan ti lè ka ìwé ìròyìn, tí àwọn kan ò sì tíì dá "b" mọ̀ yàtọ̀ sí "d", ta ni kó kọ́, ta ni kó fi sílẹ̀? Ẹni tí kò fara mọ́ ọn á ní ọmọ tí ẹ bá ti kó sẹ́yìn, ẹ̀yìn náà ló máa wà. Àwọn méjèèjì ló lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò parí sí àríyànjiyàn. Àwọn olùwádìí ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí sì ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan lára àwọn ìwádìí tó dáa jù nípa rẹ̀.

Kẹ́ńyà, 2005: wọ́n ṣẹ́ gègé

Ẹ lè rò pé ó rọrùn láti mọ̀ bóyá pípín yìí ń ṣiṣẹ́. Ṣebí ká kàn fi èsì kíláàsì A wé ti F ni? Rárá o. Àwọn ọmọ méjèèjì ò dọ́gba kí wọ́n tó wọlé. Ìyẹn dà bí ẹni tó lọ ka iye aláìsàn ní ọsibítù, tó tún lọ ka iye tó wà lọ́jà, tó wá padà délé pé ọsibítù ló ń fa àìsàn. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni bí ọmọ kan náà ì bá ṣe rí ká ní wọn ò pín in. Ọmọ kan ò sì lè wà níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí gègé ti wúlò nìyẹn.

Ní 2003, ìjọba Kẹ́ńyà fagi lé owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ya wọlé bí omi. Ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà, kì í ṣe ohun ìyanu láti rí olùkọ́ kan pẹ̀lú ọmọ tó lé ní 80 ní kíláàsì kìíní. Àwọn kan ti lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn kan ò tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsù rí.

Ní 2005, ilé-ìwé 121 rí owó gbà láti fi gba olùkọ́ kan kún ẹyọ kan tí wọ́n ní fún kíláàsì kìíní. Gbogbo wọn wá pín kíláàsì náà sí méjì. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta, Esther Duflo, Pascaline Dupas àti Michael Kremer, ló wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀. Gègé ni wọ́n fi mọ bí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe máa pín àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ilé-ìwé 60, wọ́n lo èsì táàmù àkọ́kọ́: ìdajì tó gba máàkì jù bọ́ sí yàrá kan, ìdajì yòókù bọ́ sí yàrá kejì. Ní 61 tó kù, wọn ò wo máàkì rárá. Ibi tí gègé bá gbé ọmọ sí ló máa jókòó sí, tí ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tó ń tiraka á jọ wà pọ̀.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, torí a máa padà sí i: ní ilé-ìwé 60 yẹn, gègé náà ni wọ́n fi mọ olùkọ́ tó máa gba yàrá òkè àti èyí tó máa gba ti ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ò láǹfààní láti mú tíṣà tó dáa jù fún àwọn ọmọ tó fẹ́ràn jù.

Torí pé gègé ló yan ilé-ìwé, 60 àti 61 yẹn jọra níbẹ̀rẹ̀: òṣì kan náà, òjò kan náà, irú òbí kan náà. Tí ìyàtọ̀ bá wá yọ lẹ́yìn náà, a mọ ibi tó ti wá.

Ohun tí wọ́n rí

Lẹ́yìn oṣù 18, èsì ìdánwò àwọn ilé-ìwé tó pín ọmọ gẹ́gẹ́ bí máàkì fi 0.14 standard deviation ga ju ti àwọn tó dà wọ́n pọ̀ lọ. Kí nìyẹn túmọ̀ sí? Ẹ fojú inú wo ọmọ 100 tó tò láti ẹ̀yìn síwájú gẹ́gẹ́ bí èsì wọn. Ìlọsíwájú 0.14 á gbé ọmọ tó wà ní àárín gbùngbùn kọjá ọmọ bíi 5 tàbí 6. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àmọ́ fún nǹkan tí kò ju bí wọ́n ṣe to orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà lọ, ó tó nǹkan. Ọdún kan lẹ́yìn tí ètò náà parí, ìyàtọ̀ ọ̀hún ò tíì parẹ́.

Ta ló wá jàǹfààní? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn tòkè nìkan ni. Rárá, ìsọ̀rí méjèèjì ló lọ sókè. Ti ìsàlẹ̀ náà tẹ̀ síwájú.

Ibi tó dùn mọ́ èmi jù nínú ìwádìí náà ni ti àwọn ọmọ tó wà lórí ìlà àárín. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ 90 ló wà ní kíláàsì kan. Ẹni tó ṣe ipò 45 ló máa gbẹ̀yìn nínú ìsọ̀rí òkè. Ẹni tó ṣe ipò 46 ló máa jẹ́ ọ̀gá nínú ìsọ̀rí ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n pín wọn, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ó lè jẹ́ máàkì kan péré ló wà láàárín wọn. Àmọ́ ọ̀kan á máa bá àwọn tó mọ̀wé jù ú lọ jókòó lójoojúmọ́, èkejì á máa bá àwọn tí kò tó o jókòó. Ẹ jẹ́ ká béèrè lọ́wọ́ òbí èyíkéyìí ní Ìbàdàn èwo nínú méjèèjì ló fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́. A mọ ìdáhùn.

Síbẹ̀, lẹ́yìn oṣù 18, èsì irú àwọn ọmọ méjèèjì yìí ò yàtọ̀ síra.

Kí ló fà á? Àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe ni pé ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ. Èkíní ni àwọn tó bá jókòó: ẹgbẹ́ tó mọ̀wé ń ran ọmọ lọ́wọ́, ìyẹn dájú. Èkejì ni ibi tí olùkọ́ dojú ẹ̀kọ́ kọ. Nínú kíláàsì tí gbogbo wọn dà pọ̀, iwájú ni tíṣà sábà máa ń wò, torí ibẹ̀ ni kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù wà, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń nawọ́ sókè jókòó sí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tó wà lẹ́yìn jọ sójú kan, tíṣà ò ríbi sá sí mọ́. Ó di dandan kó sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìdánwò náà: àwọn ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ tẹ̀ síwájú jù nínú nǹkan pẹẹrẹ bíi lẹ́tà àti òǹkà, àwọn tòkè sì tẹ̀ síwájú nínú èyí tó le. Àwọn olùkọ́ pàápàá túbọ̀ ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àwọn ilé-ìwé tó pín ọmọ. Nígbà tí wọ́n bá ṣe àbẹ̀wò òjijì, wọ́n máa ń bá wọn nínú kíláàsì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ju ti àwọn ilé-ìwé tó kù lọ.

Àmọ́ olùkọ́ ìjọba tí gègé gbé fún ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ ò ní ìtara bíi ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gba ti òkè. Olùkọ́ tuntun tí wọ́n gbà fún àkókò díẹ̀, tó mọ̀ pé iṣẹ́ òun lè bọ́, ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Nítorí náà, kì í ṣe ògiri tó wà láàárín yàrá méjì ló ran àwọn ọmọ Kẹ́ńyà lọ́wọ́. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé tíṣà wá bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí. Ẹ wá fi wé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé: ta ni wọ́n ń fún ní F? Tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tàbí ẹni tí ọ̀gá ò fẹ́ rí. Kí ló ń kọ́ wọn? Nóòtì kan náà tó kọ́ A, ó kàn ń kọ́ ọ láìní ìtara ni. Ẹni bá fi ìwádìí Kẹ́ńyà gbe irú ìyẹn lẹ́yìn ò tíì kà á dópin.

Ní Ìlú Ọba, ta ló ń pín in?

Àwọn tó ń ka èyí láti Peckham tàbí Manchester á mọ "sets" dáadáa. Ní sẹ́kọ́ńdìrì ní England, wọ́n sábà máa ń pín ọmọ sí ìsọ̀rí fún ìṣirò: set 1, set 2, títí lọ. Wọ́n ní máàkì ni wọ́n ń wò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Wọ́n mú èsì tí àwọn ọmọ ní nígbà tí wọ́n parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi wé set tí wọ́n bá ara wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ni kò sí níbi tí máàkì rẹ̀ ní kó wà. Nígbà tí wọ́n wo àwọn tí wọ́n fi sí ìsàlẹ̀ ibi tó yẹ wọ́n, ó ṣeé ṣe fún ọmọ adúláwọ̀ ní ìlọ́po 2.5 ju ọmọ aláwọ̀ funfun lọ pé kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí i. Àwọn ọmọbìnrin náà wà nínú ewu yìí ju ọkùnrin lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Máàkì kan náà, set ọ̀tọ̀. Nǹkan tí à ń pè ní "agbára ọmọ" ti gba ojú ẹlòmíì kọjá kó tó di lẹ́tà tàbí nọ́ńbà.

Ṣé ó wá burú tó bẹ́ẹ̀ kí ọmọ wà ní set ìsàlẹ̀? Ẹ wo GCSE ìṣirò. Oríṣi ìwé ìdánwò méjì ló wà: Higher, tí gíréèdì rẹ̀ lè dé 9, àti Foundation, tí gíréèdì tó ga jù níbẹ̀ jẹ́ 5. Set ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń ṣe Foundation. Ọmọ tó bá jókòó síbẹ̀ lè gba gbogbo ìbéèrè láìṣì kankan, 5 náà ni. Òrùlé ti wà lórí rẹ̀ kó tó gbé bírò.

Ṣámú-ṣámú

Àwọn àgbà ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámú-ṣámú. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, àmọ́ tí ẹ bá fi pín ọmọ ọdún 6, ẹ máa ṣi ọ̀pọ̀ wọn mú. Ní England, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni ìlà ọdún ilé-ìwé. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kẹsàn-án àti èyí tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e á jọ wà ní kíláàsì kan náà. Oṣù 11 ló wà láàárín wọn. Fún àgbàlagbà, ìyẹn ò tó nǹkan. Fún ọmọ ọdún 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Ìwádìí sì ti fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ọmọ tó kéré jù nínú kíláàsì ló máa ń bọ́ sí ìsọ̀rí ìsàlẹ̀ jù. Oṣù ìbí ni wọ́n wọ̀n, ọpọlọ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Finland ti gbìyànjú ọ̀nà méjèèjì. Tẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún 11 ni wọ́n ti ń ya àwọn tó máa lọ sí ilé-ìwé gíráámà sọ́tọ̀. Láàárín 1972 sí 1977, wọ́n yí i padà: gbogbo ọmọ á jọ wà pọ̀ títí di ọmọ ọdún 16. Àríwá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣe é láti agbègbè dé agbègbè títí tó fi dé Helsinki. Ìyẹn fún àwọn olùwádìí láǹfààní láti fi agbègbè tó ti yí padà wé èyí tí kò tíì yí. Ohun tí wọ́n rí ni pé lẹ́yìn àyípadà náà, owó tí bàbá ń gbà ò fi bẹ́ẹ̀ sọ iye tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin máa gbà mọ́ nígbà tó bá dàgbà. Ohun tó so owó bàbá àti ti ọmọ pọ̀ dín kù láti nǹkan bíi 0.30 sí 0.23, lórí ìwọ̀n tí 0 ti túmọ̀ sí pé kò sí àjọṣe kankan. Bí ẹ bá ṣe tètè pín ọmọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ilé tó ti wá ṣe máa ń pín in bá yín.

Science, Art, Commercial

Àwa náà ní tiwa. Láti ìgbà tí ètò 6-3-3-4 ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1982, ẹnu ọ̀nà SS1 ni orítà ńlá. Lórí ìwé, ohun tí ọmọ fẹ́ àti ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló yẹ kó darí rẹ̀. Níṣẹ̀ẹ́jú, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń to èsì JSS3 láti òkè sí ìsàlẹ̀: àwọn tòkè lọ sí Science, àwọn àárín lọ sí Commercial, àwọn tó kù, "ẹ máa lọ sí Art." Bí ẹni pé amòfin ò nílò ọpọlọ.

Ohun tó jẹ́ kí èyí le ju kíláàsì A àti F lọ ni pé kò ní ọ̀nà àbáyọ. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn gbọ́dọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Fíísíìsì, Kẹ́místírì àti Bàọ́lọ́jì nínú WAEC tàbí NECO. Ọmọ tí wọ́n kó sí Art ní ọmọ ọdún 14 ò ní jókòó ní kíláàsì Kẹ́místírì láéláé. Tí ojú rẹ̀ bá wá là ní ọmọ ọdún 17, àtìbẹ̀rẹ̀ ló kù. Mo wà nínú lááàbù lónìí, mò ń ṣe máásítà. Mo mọ àwọn tá a jọ wà ní JSS tí wọ́n yára lóye ju èmi lọ, tí saà kan tí wọn ò rówó ilé-ìwé san, tàbí àìsàn kan ní àkókò ìdánwò, ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ wọn lójú.

Ilẹ̀kùn tó ń ṣí

Ṣé ká wá dà gbogbo ọmọ pọ̀ ká máa pè é ní ìdọ́gba? Ìyẹn náà ní ẹni tó ń pa lára: ọmọ primary 5 tí kò lè kàwé, tó jókòó sẹ́yìn láti January dé December, tí tíṣà ń kọ́ àwọn tó wà níwájú.

Pratham, àjọ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Mumbai, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, ní 1995, rí ọ̀nà kan tó dà bíi pé ó yanjú méjèèjì. Wọ́n ń pè é ní Teaching at the Right Level. Wọ́n á pe ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó, wọ́n á ní kó ka lẹ́tà, kó ka ọ̀rọ̀, kó ka ìpínrọ̀, kó ka ìtàn kékeré. Ibi tó bá dúró sí ni ìsọ̀rí rẹ̀. Ọjọ́ orí ò ṣe nǹkan kan, kíláàsì ò ṣe nǹkan kan. Wákàtí díẹ̀ lóòjọ́ ni wọ́n fi ń wà nínú ìsọ̀rí yìí, lẹ́yìn náà kálukú á padà sí kíláàsì rẹ̀. Tí ọmọ tó ń ka ọ̀rọ̀ bá ti lè ka ìpínrọ̀, ó kúrò níbẹ̀ nìyẹn, ó bọ́ sí ìsọ̀rí tó kàn. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Uttar Pradesh ní 2013 sí 2014, ẹ̀kọ́ ọjọ́ 50 péré ni. Lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ ibi tí wọ́n ti ṣe é ló lè ka ìpínrọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi tí wọn ò dé, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Abhijit Banerjee wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí náà, òun, Duflo àti Kremer ló sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ọrọ̀-ajé ní 2019, nítorí irú àwọn àdánwò báyìí.

Pípín ni ti Kẹ́ńyà, pípín ni ti Íńdíà, pípín náà ni ti F. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti Íńdíà wà fún nǹkan kan pàtó, fún wákàtí díẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń ṣí.

Tí ẹ bá ní àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín, ẹ lè bá òbí rẹ̀ lọ sí ìpàdé PTA tó ń bọ̀. Ẹ má bá wọn jà lórí lẹ́tà. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: Ìdánwò wo lẹ fi pín wọn, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni àbí ju bẹ́ẹ̀ lọ? Ta ló ń kọ́ ìsọ̀rí ìsàlẹ̀, kí ló sì ń kọ́ wọn tó yàtọ̀ sí ti òkè? Ọjọ́ wo lẹ máa tún un pín, ọmọ mélòó ló sì kúrò ní ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè lọ́dún tó kọjá?

Tí wọn ò bá rí iye kankan sọ fún ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ẹ ní kí wọ́n ṣí rẹ́jísítà kí ẹ jọ kà á.